Èwo Ló Ń Mú Lọ́dọ̀ Yín? Ọ̀rọ̀ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fóònù Káàkiri Òkè-Ògùn

Bí àlejò bá dé Òkè-Ògùn tó sì béèrè pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára jù, ìbéèrè ni wọn yóò fi dá a lóhùn: "Ibo lẹ ń lọ?" Ìdáhùn yìí péye ju gbogbo ìpolówó tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń lẹ̀ mọ́ pátákó lójú títì lọ. Èyí tó ń gbé fídíò láìdúró nínú ìgboro Ìsẹ́yìn lè má sí rárá ní oko tí ọ̀kadà yóò dé láàárín wákàtí kan. Èyí tí wọ́n ń pẹ̀gàn ní Ṣakí lè jẹ́ òun nìkan ló ń mú ní abúlé kan lọ́nà Òkèrètè. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti oníPOS fi ń gbé sím méjì tàbí mẹ́ta kiri: wọ́n ń fi ọ̀kan pe Ìbàdàn, wọ́n ń fi ọ̀kan gba owó, ìkẹta sì wà ní ìpamọ́ de ọjọ́ tí méjèèjì bá kọ̀.

Òkè-Ògùn fẹ̀ púpọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lọ. Láti Àdó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyake wà lórí òkè, títí dé Kìṣí tó fẹ̀gbẹ́ ti ìpínlẹ̀ Kwara, àpáta, ọ̀dàn, oko iṣu àti oko àgbàdo ni ènìyàn ń là kọjá. Ní apá ìlà oòrùn ni igbó Ọ̀yọ́-Ilé wà, tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ibi ìtọ́jú ẹranko, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ní ìwọ̀ oòrùn, orílẹ̀-èdè Benin ni. Àwọn ìlú ńláńlá wà níbẹ̀ lóòótọ́: Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Òkehò, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì. Ṣùgbọ́n láti ìlú kan dé èkejì, ọ̀nà gùn, àwọn abúlé sì tú ká. Àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn ló ń gbin iṣu tó ń di èlùbọ́ tí Ìbàdàn àti Èkó ń fi ṣe àmàlà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Gbogbo wa la máa ń jiyàn lórí iléeṣẹ́ tó dára jù, bí ẹni ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àríyànjiyàn yẹn wúlò fún ẹni tó ń gbé Bódìjà tàbí Ìkẹjà, nítorí pé bí ti àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí òmíràn. Ní ibi tí máàsì kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún abúlé mẹ́wàá, kí ni onítọ̀hún fẹ́ yàn? Ìbéèrè tó yẹ kí á máa béèrè níbẹ̀ ni ìdí tí máàsì tó ti dúró fi ń dá àwọn kan lóhùn tí kì í sì í dá àwọn tó kù lóhùn.

Bí wọ́n ṣe dé

Kí 2001 tó dé, NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, ló ni ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Nǹkan bí 400,000 làìnì ló wà fún gbogbo Nàìjíríà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó bá wà ní Tèdé tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní Èkó sọ̀rọ̀ yóò kọ lẹ́tà, tàbí kó rán awakọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2001, ìjọba ta làísẹ́ǹsì GSM, ìyẹn ti fóònù alágbèéká, ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. 50 náírà ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, bí o bá sì lo ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń kà. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ 2003 pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá ni ara tó dẹ mẹ̀kúnnù díẹ̀.

Orúkọ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Econet di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó di Airtel ní 2010. Etisalat tó dé ní 2008 di 9mobile ní 2017, ó sì di T2 ní 2025. Lónìí, bí a bá ka gbogbo sím tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, MTN ló ni ju ìdajì lọ, Airtel ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, Glo ló tẹ̀lé e, ìyókù tó ṣẹ́ kù fún T2 kò tó nǹkan. Ìṣirò yìí jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì lè sọ ẹni tó ń mú ní oko yín. Owó ni iléeṣẹ́ fóònù ń tọ̀ lọ. Èkó, Abuja, Port Harcourt àti àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn ló kọ́kọ́ jàǹfààní, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀lé títì ńlá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí títì ni wọ́n dé gbẹ̀yìn. Nígbà tí Airtel fẹ́ bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2018, Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ìbàdàn àti Ìgbẹ́tì wà, ṣùgbọ́n lójú iléeṣẹ́ fóònù, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Àpáta, páànù àti ìgbì

Ẹni tó bá mọ bí ìgbì fóònù ṣe ń rìn kò ní jẹ́ kí onípolówó tan òun. Nọ́ńbà MHz tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni ìdí abájọ. Ìgbì 900 àti 1800 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2001. 2100 dé fún 3G, 4G ń lo oríṣiríṣi láti 700 àti 800 títí dé 2600, 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2022 sì ń lo 3500. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìgbì náà ń lọ jìnnà tó, tó sì ń wọ inú ilé. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ó ń gbé dátà púpọ̀ tó, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, máàsì méjì tó ga bákan náà, tó dúró lórí òkè kan náà, lè dé ibi tó yàtọ̀ síra pátápátá, nítorí pé ọ̀kan ń lo 800, èkejì ń lo 2600. Nígbà tí MTN ra Visafone ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ìgbì 800 tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó wù wọ́n jù. Ẹni tó bá ni ìgbì tó kéré ní nọ́ńbà ló lè fi máàsì díẹ̀ bo ilẹ̀ púpọ̀.

Síbẹ̀ ààlà wà. Nínú 2G, bí ó ti wù kí afẹ́fẹ́ mọ́ tó, fóònù tó bá jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 35 lọ sí máàsì kò lè lò ó, nítorí pé àkókò tí wọ́n pín fún un láti dáhùn yóò ti kọjá kí ohùn rẹ̀ tó débẹ̀. Ìyẹn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Òkè-Ògùn kò tẹ́jú. Àpáta ńlá ìhín ń dínà ìgbì sí ọ̀hún, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè yóò sì wà nínú òkùnkùn bí máàsì kò tilẹ̀ jìnnà. Igi tó ní ewé tútù lójò ń fa ìgbì mu ju igi tó ti wọ́ ewé lọ. Páànù orí ilé wa ń ta ìgbì padà. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi ń jáde sí ìta gbangba kí ó tó lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé sì mọ orí àpáta kan pàtó tí wọ́n ń lọ dúró lé ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò rí ohun tó yẹ kí á fi rẹ́rìn-ín nínú èyí. Ẹni tó ń rọbí lóru kò lè gun àpáta kó tó pe mọ́tò.

Ohun kejì ni pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà" kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Níbi tí 2G nìkan bá wà, ìpè yóò lọ, tẹ́sítì yóò lọ, kóòdù báǹkì tí a ń fi ìràwọ̀ àti háàṣì tẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́, nítorí pé òun kò nílò dátà. Áàpù báǹkì kò ní ṣí. WhatsApp yóò máa yí lójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó ọwọ́ sì wọ́n bí ojú, gbogbo Nàìjíríà ló jìyà rẹ̀, àmọ́ ìyà ìlú kò tó ti oko. Ará ìlú tí kò rí owó gbà ní báǹkì ṣì lè fi fóònù sanwó búrẹ́dì. Ẹni tó kó iṣu wá sọ́jà abúlé tí dátà kì í dé, kí ni ó fẹ́ fi gba owó rẹ̀? Àwọn kan ta ọjà ní àwìn fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn mìíràn gbé ẹrù wọn padà sílé.

Ènìyàn ni wọ́n kà, wọn ò ka ilẹ̀

Bí iléeṣẹ́ kan bá ní òun ti dé ọ̀dọ̀ ìdá 90 nínú 100 àwọn ènìyàn, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn ò ka ilẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí iléeṣẹ́ kan bá gbé máàsì sí Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú Ọ̀yọ́ nìkan, yóò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ náà, ju ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yóò sì ṣì wà láìní nǹkan kan. Kò parọ́. Ó kàn yan ohun tó fẹ́ kà ni. Àgbẹ̀ kì í sì í wà nínú ilé tí wọ́n ti ka orí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Oko ló wà, ojú ọ̀nà ló wà.

Àwọn ará Ọsirélíà ti ja ìjà yìí débi pé gbogbo ayé rí i. Ilẹ̀ wọn tó mílíọ̀nù 7.7 kìlómítà onígun mẹ́rin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ aṣálẹ̀. Telstra, iléeṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀, ń sọ pé òun ti dé ọ̀dọ̀ ìdá 99.7 nínú 100 àwọn ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá wá ka ilẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 kìlómítà onígun mẹ́rin ni iléeṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ń kéde, ìyẹn kò tó ìdajì. Ní oṣù karùn-ún 2025, Vodafone tó ń bá a du oníbàárà fẹ̀sùn kàn án pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1 nínú mílíọ̀nù 3 yẹn jẹ́ ibi tí ènìyàn kò ti lè lo fóònù ọwọ́ lásán, àfi tó bá gbé èríà sórí ọkọ̀. Telstra kọ ẹ̀sùn náà. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ kọjá ẹni tó jàre. Àwòrán ilẹ̀ kan náà lè tóbi tàbí kó kéré ní ìlọ́po, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yà á bá ṣe sọ irú fóònù tó ní lọ́kàn. Ṣé fóònù ọwọ́ ni àbí fóònù tó ní èríà? Ṣé inú ilé ni àbí ìta? Ṣé ìpè nìkan ni àbí dátà?

Ohun tí ìjọba wọn ṣe ló wú mi lórí jù. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kankan gbọ́ lásán. Láti 2024 ni wọ́n ti ń wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn: wọ́n ń fi ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ wíwọ̀n rin ojú ọ̀nà ìgbèríko, wọ́n sì gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. Ọkọ̀ lẹ́tà á máa lọ ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè ṣe é níbí? Bọ́ọ̀sì Pacesetter ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Fóònù mẹ́rin pẹ̀lú sím iléeṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Ṣakí yóò sọ òótọ́ fún wa kí oṣù kan tó parí, owó rẹ̀ kò sì ní pọ̀.

NCC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa darí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ti gbé ìgbésẹ̀ tó dára. Ní 2025, wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ènìyàn ti lè wo iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi wọ́n wéra ládùúgbò tirẹ̀. Mo yìn wọ́n fún un, nítorí pé tẹ́lẹ̀, ẹnu iléeṣẹ́ nìkan la ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti máa ń jìn sí kòtò. Lára ohun tí wọ́n ń lò ni ìròyìn tí fóònù àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè fi ìròyìn kankan ránṣẹ́. Ibi tó burú jù ni ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí àwòrán bá fi ibi kan sílẹ̀ ní funfun, a kò lè mọ̀ bóyá kò sí ènìyàn níbẹ̀ ni, tàbí pé ènìyàn wà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ ni kí ẹnìkan lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè wọ̀n ọ́n. Àwọn báà tó wà lókè fóònù kì í sọ òdodo délẹ̀, nítorí pé iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye báà tó fẹ́ fi hàn. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá "About phone", ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìròyìn sím sí. Ẹ óò rí nọ́ńbà kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, tí wọ́n kọ dBm sí lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ -80, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe dáadáa. Bó bá jẹ́ -100, ó ń gbìyànjú. Bó bá ti ń lọ sí -115 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má retí dátà. Ẹ ṣe é nínú ilé, ẹ ṣe é ní ìta, ẹ ṣe é ní oko, pẹ̀lú sím tó yàtọ̀ síra nínú fóònù kan náà, nítorí pé fóònù olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gọbọi kì í gbọ́ bákan náà. Ẹni tó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan ti mọ abúlé rẹ̀ ju onípolówó lọ.

Máàsì kan, owó púpọ̀

Kí ló dé tí máàsì kò fi pọ̀? Kì í ṣe ìkà nìkan. Níbi tí iná NEPA kò bá dé, tàbí tó bá ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé máàsì ró. Dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn olè ń jí bátìrì, wọ́n ń jí dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, máàsì ìgbèríko kì í dá iṣẹ́ ṣe: ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí ìlú, bóyá nípa wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tàbí kí ó jù ú sí máàsì mìíràn tí òun náà yóò jù ú síwájú. Bí ọ̀kan láàárín bá kú, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dákẹ́. Ìdí nìyí tí ìlú mẹ́ta fi lè pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe máàsì tiwọn.

Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Owó tí wọ́n ń gbà kí iléeṣẹ́ tó lè gbẹ́ ilẹ̀ láti ri wáyà ti ga jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò pé kí ó jẹ́ 145 náírà fún mítà kan, ọ̀pọ̀ kò sì mú un ṣẹ. Èkìtì ló ṣe bí akọni ní 2020, tó já a wálẹ̀ láti 4,500 náírà sí 145.

Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà kọ́ ló ni ọ̀pọ̀ máàsì tí a ń rí. Ní 2014 ni MTN ta máàsì tó ju 9,000 lọ fún IHS, Airtel náà sì ta tirẹ̀ fún American Tower. Àwọn tó ni máàsì báyìí ń yá iléeṣẹ́ púpọ̀ láàyè lórí òpó kan. Èyí túmọ̀ sí pé bí òpó bá ti dúró ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, èyí tó wúwo jù nínú iṣẹ́ náà ti parí, iléeṣẹ́ kejì kàn ní láti gbé èríà tirẹ̀ kọ́ ni. Kí ló dé tí kì í fi ń kọ́ ọ? Ó ka iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, ó ka iye tí wọ́n lè ná, ó sì rí i pé iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ti gba gbogbo wọn.

Ìjọba mọ̀ pé báyìí ni yóò rí. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀, USPF, tí àwọn iléeṣẹ́ ń dá owó sí, kí wọ́n lè fi gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí ibi tí èrè kò bá sí. NCC ka àwọn ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé: ní 2013, wọ́n jẹ́ 207, ní 2019, wọ́n di 114, ní 2022, wọ́n di 97, àwọn ènìyàn tó wà nínú wọn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 27. Ìtẹ̀síwájú ni. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 27 ju gbogbo ènìyàn inú orílẹ̀-èdè Benin àti Togo lọ tí a bá pa wọ́n pọ̀. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ máàsì 7,000 sí àwọn ìgbèríko. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá kọ́ ọ, tí wọ́n sì kọ́ ọ fún gbogbo sím.

Ẹnubodè

Ní Ìwéré-Ilé, ní Ìgànná, lọ́nà Òkèrètè, fóònù ní ìṣòro mìíràn. Ìgbì kò mọ ààlà tí àwọn òyìnbó fà. Bí máàsì ti Benin bá sún mọ́ yín ju ti Nàìjíríà lọ, fóònù lè fò sórí rẹ̀, kí ó sì máa fi owó àjò gé káàdì yín bí ẹni pé ẹ ti rìnrìn-àjò, nígbà tó jẹ́ pé iwájú ilé yín lẹ jókòó sí. Ẹ lè dá a dúró: ẹ pa "roaming" nínú fóònù, ẹ sì fi ọwọ́ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín dípò kí ẹ jẹ́ kí fóònù máa yàn fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà lọ sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sím Benin wà nínú àpò wọn pẹ̀lú ti Nàìjíríà. Ìbátan kan náà ni wá ní ìhà méjèèjì, èdè kan náà la ń sọ sínú fóònù, síbẹ̀ ìpè láti Ìwéré-Ilé sí Kétu wọ́n ju ìpè láti Ìwéré-Ilé sí Maiduguri lọ. ECOWAS ti ṣe ìlànà lórí owó àjò fóònù láti 2017, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa béèrè ohun tó ń dá a dúró.

Kí gbogbo sím lè jẹ nínú máàsì kan

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí kò ní kí á dúró de máàsì tuntun. Kí sím iléeṣẹ́ kan lè lo máàsì iléeṣẹ́ mìíràn níbi tí tirẹ̀ kò bá sí, láìjáde kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ kò lè gbé e. Ó ti gbé e tipẹ́. Bí ẹ bá tẹ 112 nígbà pàjáwìrì, fóònù yín kì í béèrè iléeṣẹ́ tó ni sím. Máàsì èyíkéyìí tó bá gbọ́ ọ ló máa gbé ìpè náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe GSM láti ìbẹ̀rẹ̀.

A sì ti gbìyànjú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní 2020, NCC fàyè gba MTN àti 9mobile láti dán an wò fún oṣù mẹ́ta ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oníbàárà 9mobile tó wà níbi tí tirẹ̀ kò ti mú ń fi sím rẹ̀ lo máàsì MTN. Ó gbà tó ọdún márùn-ún kí àwọn méjèèjì tó wá fọwọ́ sí àdéhùn tó kárí orílẹ̀-èdè ní 2025. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, MTN àti Airtel kéde pé àwọn yóò máa pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò ní Nàìjíríà àti Uganda. Àwọn tó ń bá ara wọn jà fún oníbàárà fúnra wọn ti rí i pé kò bọ́gbọ́n mu kí òpó mẹ́rin dúró níbi tí ọ̀kan yóò tó. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé àdéhùn àárín ara wọn nìyẹn, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n yóò ti ṣe é. Kò sí ohun tó mú un dá àgbẹ̀ Ìrawọ̀ lójú pé oko rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ní èsì tiwọn, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí ẹnìkan bá náwó kọ́ máàsì, tí ẹlòmíràn wá lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún kọ́ òmíràn mọ́. Òótọ́ ni. Ní Ọsirélíà, àjọ tó ń dáàbò bo ìdíje dí Telstra lọ́wọ́ ní ìparí 2022 nítorí irú ẹ̀rù yìí, nígbà tó fẹ́ bá iléeṣẹ́ tó ni Vodafone níbẹ̀ pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, mi ò sì sọ pé kí ó jẹ́ ní Ìbàdàn. Kí ẹni tó lò ó sanwó fún ẹni tó kọ́ ọ, kí ó sì mọ sí ibi tí máàsì kan péré bá wà. Ní ti máàsì tí wọ́n bá fi owó USPF tàbí owó ìjọba kọ́, kò yẹ kí á tilẹ̀ máa jiyàn. Owó gbogbo wa ni.

Ní ti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó wúlò fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹni tó lówó. Àgbẹ̀ tó ń ra káàdì 200 náírà kò lè rà á.

Fún ẹni tó fẹ́ yan sím ní Òkè-Ògùn lónìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó béèrè lọ́wọ́ oníPOS àti awakọ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò gbà kí wọ́n tan ara wọn jẹ. Kí ó ra fóònù tó ń gba sím méjì, kí ó wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní oko kí ó tó wọ̀n ọ́n nílé, kí ó sì kọ́ kóòdù báǹkì rẹ̀ sórí de ìgbà tí dátà kò bá sí. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti kú fún ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ náà, bí kò bá dáhùn, kí wọ́n pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ọba kọ ọ́ sínú lẹ́tà pẹ̀lú orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí kò bá sí lórí àwòrán, Abuja kò mọ̀ pé ó wà.

Òfin 2003 fún NCC lágbára láti ṣe ìlànà fún àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Kí wọ́n lò ó. Kí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo sím máa ṣiṣẹ́ lórí máàsì èyíkéyìí tó bá dá dúró ní ìgbèríko, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí.